Màlúù Kan Ni, Àbí Méjì?

Ìwé pélébé kan wà tí àwọn olùsìn màlúù apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ South Dakota ní Amẹ́ríkà kì í yọ kúrò nínú àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì wọn. Kò tó àtẹ́lẹwọ́, èèpo rẹ̀ sábà máa ń pupa, báńkì tàbí ilé ìtajà oúnjẹ ẹran ló sì máa ń fi tọrẹ fún àwọn oníbàárà wọn. Nọ́ńbà etí màlúù, ọjọ́ tó bímọ, akọ ni àbí abo, ó yè àbí ó kú, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Èyí tí Bàbá gbé ka orí tábìlì mi ní ìparí oṣù Kẹrin 2014 ti wú bíi búrẹ́dì tó já sínú tíì. Bírò ti ṣàn káàkiri ojú ìwé. Ibì kan wà tó ti pa bírò tì, tó mú pẹ́ńsù, tó wá fa ìlà tín-ín-rín tín-ín-rín, márùn-ún márùn-ún, bí ìgbà tí ọmọdé bá ń kọ́ oókà. Mo kà á: 61.

"Òkú nìyẹn," ló wí. Ó ṣí ojú ìwé kejì. "Àwọn ọmọ wọn nìyí."

Ọ́fíìsì kékeré kan tó ń bá àwọn àgbẹ̀ ṣètò owó orí ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa dé àgbègbè yẹn, ibi tí èèyàn lè wakọ̀ fún wákàtí kan kó má pàdé ju ọkọ̀ mẹ́ta lọ. Bàbá tí mò ń wí yìí, orúkọ rẹ̀ gan-an ni mò ń pè é lójúkojú, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dàgbà ju bàbá tó bí mi lọ, ẹnu mi ò sì mọ́ ọn lára títí mo fi kúrò níbẹ̀. Nínú ọkàn mi, Bàbá ni. Níbí náà, Bàbá ni máa pè é.

Ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ ní 15 oṣù Kẹrin yẹn fún owó ìrànwọ́ àwọn tí àjálù pa lẹ́ran. Ó ní kí n bá òun to ìwé. Mo rò pé iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é.

Bí màlúù náà ṣe kú ló fa gbogbo wàhálà ìwé tó tẹ̀ lé e, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ìjì tí wọ́n ń pè ní Atlas jà láti 3 sí 5 oṣù Kẹwàá 2013. Kò tíì yẹ kí òtútù le tó bẹ́ẹ̀. Màlúù ṣì wà ní pápá tí wọ́n ti ń jẹ ní ìgbà ooru, ibi gbayawu tí kò sí igi tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tí wọ́n lè sá sí, irun òtútù ò sì tíì hù sí wọn lára. Òjò ló kọ́kọ́ dé. Ó pa wọ́n títí awọ wọn fi rin gbingbin. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá di yìnyín, atẹ́gùn sì gba yìnyín náà mọ́wọ́. Ní Rapid City, ó ga ju ínǹṣì 20 lọ. Ní Lead, lórí àwọn òkè Black Hills, ó tó ínǹṣì 55.

Màlúù kì í dojú kọ ìjì. Ẹ̀yìn ló ń kọ sí i, bí atẹ́gùn bá sì ṣe ń tì í ni yóò máa rìn. Wọ́n rìn. Yìnyín ti bo wáyà ọgbà mọ́lẹ̀, wọ́n gun orí rẹ̀ kọjá bí ẹni gun àtẹ̀gùn. Òmíràn já sínú kòtò, òmíràn sínú adágún tí wọ́n gbẹ́ fún omi mímu wọn. Àwọn kan kàn dúró sójú kan títí wọ́n fi kú. Nígbà tí ojú ọjọ́ là, òkú wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ rẹrẹ. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún màlúù ló lọ ní apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ yẹn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni Bàbá ti rí mẹ́sàn-án nínú tirẹ̀, máìlì 11 sí ilé. Àmì irin gbígbóná tó wà lára wọn ni wọ́n fi mọ̀ pé òun ló ni wọ́n.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe burú tó. Ní 1 oṣù Kẹwàá, ọjọ́ méjì péré ṣáájú ìjì, ìjọba àpapọ̀ ti ti ilẹ̀kùn, torí àwọn aṣòfin ní Washington ò fẹnu kò lórí ìṣúná. Farm Service Agency, ẹ̀ka iléeṣẹ́ ọ̀gbìn tó ní ọ́fíìsì káàkiri àwọn káńtì, wà ní títì pa títí di 17 oṣù náà. Àgbẹ̀ tó bá tẹ̀ wọ́n láago, ohùn inú ẹ̀rọ ló ń dá a lóhùn. (Káńtì yìí, ẹ fojú ìjọba ìbílẹ̀ wò ó, àmọ́ irú èyí tó fẹ̀ bí ìpínlẹ̀, tí èèyàn inú rẹ̀ ò sì tó kún pápá ìṣeré kan.)

Ká tiẹ̀ ní wọ́n ṣílẹ̀kùn, kò sí nǹkan kan nínú àpótí. Ètò tó ń sanwó òkú ẹran, tí wọ́n ń pè ní Livestock Indemnity Program, ti kásẹ̀ nílẹ̀ láti 30 oṣù Kẹsàn-án 2011, nígbà tí òfin tó gbé e ró parí. Ọdún méjì ni àwọn aṣòfin fi ń fa òfin àgbẹ̀ tuntun mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí àgbẹ̀ ń gbà fún àgbẹ̀ lọ́jọ́ wọ̀nyẹn ṣàjèjì létí mi: ya fọ́tò, kọ ọ́ sílẹ̀, wá ẹlẹ́rìí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá wọ́n máa sanwó láé, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá máa san án, wọ́n á bèèrè.

Òfin ìpínlẹ̀ sì rèé, ó ní kí ẹni tí ẹran rẹ̀ kú sin ín tàbí kó sun ún láàárín wákàtí 36. Ilẹ̀ ti di ẹrọ̀fọ̀ nígbà tí yìnyín yọ́, katakata ò ríbi kọjá. Ẹ rò ó wò: òkú 61 nílẹ̀, ọwọ́ kan ń sọ pé sin wọ́n kíákíá, ọwọ́ kejì ń sọ pé dúró ná, jẹ́ ká yà á.

Ìyàwó Bàbá, tí èmi ń pè ní Ìyá, ló ya àwọn fọ́tò náà. Mo ti wò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí wọn lójú oorun. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ kan wà nínú ìbọ̀wọ́ aláwọ̀ ilẹ̀, tó na etí màlúù sókè kí nọ́ńbà lè hàn. Kò sí ojú èèyàn nínú fọ́tò kankan, ọwọ́ náà nìkan ni. Bó bá di ibi tí táàgì ti já, Ìyá á fi abẹ fá irun ẹ̀gbẹ́ màlúù náà kí àmì irin lè yọ. Láti fọ́tò ogójì lọ, ìbọ̀wọ́ ò sí mọ́. Ọwọ́ lásán, ó pọ́n bí ata. Mo bi Bàbá léèrè ìdí. Ó ní ìbọ̀wọ́ ti rin, ó ti di yìnyín, kò ṣeé wọ̀ mọ́.

Ní 7 oṣù Kejì 2014, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin àgbẹ̀ tuntun ní Yunifásítì Michigan State. Wọ́n jí ètò náà dìde, wọ́n sì mú un padà sẹ́yìn dé 1 oṣù Kẹwàá 2011, kí àwọn tí àjálù bá nínú ọdún tí òfin ò sí má bàa pòfo. Ohun tó dáa ni, n kò sì ní í fi ọ̀rọ̀ kan bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Owó yẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ báńkì mú sùúrù díẹ̀. Èmi ni mo mọ iye ìwé gbèsè tó ń gba orí tábìlì mi kọjá lọ́dún yẹn.

Ìṣirò rẹ̀ la wá jókòó tì. Nínú 61, 54 ló ní ẹ̀rí tó dúró: fọ́tò, tàbí ìwé dókítà ẹran, tàbí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó fi katakata gbẹ́ kòtò, ẹni tí kò bá Bàbá pín nǹkan kan. Mẹ́rin wà tí wọn ò rí òkú wọn rárá, bóyá wọ́n wà nísàlẹ̀ adágún. Mẹ́ta ni wọ́n ti sin kí Ìyá tó gbé fóònù dé ibẹ̀. Méje lọ báyẹn. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba á yọ iye màlúù tí ì bá kú náà bí ìjì ò tiẹ̀ jà, torí kò sí ọdún tí ikú kì í mú nínú agbo. Ká sọ pé méjì nínú 100 ni wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní 220 á pàdánù mẹ́rin míì síbẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ìdá 75 nínú 100 iye ọjà ni wọ́n á san, iye tí wọ́n sì ti là kalẹ̀ ni, bóyá màlúù rẹ jẹ́ ìran tí bàbá bàbá rẹ ti ń tọ́ bọ̀ tàbí o rà á lọ́jà lánàá. Ọmọ tó kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nígbà tí mo kà á dé òpin, Bàbá ò wo àpapọ̀ owó náà. Ó ní: "Àwọn tó wà nínú ńkọ́?"

Kò yé mi bọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń bá ọmọ ìlú ńlá sọ̀rọ̀, ohùn pẹ̀lẹ́. Ìgbà ooru ni wọ́n ń kó akọ sáàárín abo. Nígbà tí oṣù Kẹwàá bá fi dé, oyún ti wà nínú èyí tó pọ̀ jù lọ, tí wọ́n máa bí nígbà tí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Èyí tó ń tọ̀ wọ́n lẹ́yìn ni owó ọdún yìí. Èyí tó wà nínú ni owó ọdún tó ń bọ̀. Màlúù tó jẹ́ ìyá fúnra rẹ̀ ni oko. Gbogbo rẹ̀ kú pọ̀. Mo yẹ fọ́ọ̀mù náà wò tẹ̀yìn tojú. Kò síbi tí wọ́n ti bèèrè oyún.

"Ẹ ní ìwé dókítà tó fi hàn pé wọ́n lóyún?" ni mo bi í, torí iṣẹ́ mi nìyẹn.

Ó rẹ́rìn-ín. Oṣù Kọkànlá ni dókítà ẹran máa ń wá ti apá bọ̀ wọ́n nídìí, kó sọ èyí tó lóyún àti èyí tí kò lóyún. Ìjì ò dúró dè é.

Ohun tó wá ṣe mí ní kàyéfì ni pé ọ̀sán yẹn kan náà la ṣe owó ọ̀dá ọdún 2012, èyí tí òfin kan náà jí dìde, kò sì gbà wá ju wákàtí kan lọ. Ti ọ̀dá ò nílò òkú. Máàpù ló ń sọ ọ́. Ní ọjọ́bọ̀ọ̀bọ̀, láti 1999, ni wọ́n máa ń gbé máàpù ọ̀dá jáde ní Yunifásítì Nebraska ní Lincoln pẹ̀lú àwọn iléeṣẹ́ ìjọba: àwọ̀ ìyeyè fún ibi tí ilẹ̀ ti ń gbẹ, títí dé pupa ṣíṣú fún ibi tó ti le jù. Bí òfin 2014 ṣe wà nígbà náà, bí káńtì rẹ bá wà ní ipele ọ̀dá líle fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ léra ní àkókò ìjẹko, owó oṣù kan tọ́ sí ọ. Bó bá kan ipele tó tẹ̀ lé e, ó di oṣù mẹ́ta. Ó lè gun orí márùn-ún. Ìdá 60 nínú 100 owó oúnjẹ ẹran fún oṣù kọ̀ọ̀kan ni. Iye màlúù àti ilẹ̀ ìjẹko rẹ nìkan lo máa fi hàn. Ẹni tí wáyà ọgbà rẹ̀ bọ́ sí ìhà kejì ààlà káńtì lè máa wo koríko gbígbẹ kan náà, kó má gba kọ́bọ̀.

Mi ò sọ pé èyí kò dáa. Ọ̀dá ò ní òkú tí èèyàn lè fa etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i lọ́jọ́ náà pé nǹkan méjì ni ìjọba mọ̀ ọ́n kà dáadáa: ohun tí òkèèrè rí láti òfurufú, àti ohun tí ọwọ́ lè dì mú. Ohun tó wà láàárín méjèèjì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìgbà kan sì wà tí wọn ò ka nǹkan kan rárá. Ní 2002 àti 2003, ètò owó ìrànwọ́ kan fún olùsìn ẹran ná ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ, wọn ò sì bèèrè ẹ̀rí pé nǹkan ṣe ẹnikẹ́ni. Orí ẹran ni wọ́n ń kà, wọ́n ń sanwó. Ìwé ìròyìn Washington Post tú u síta ní 2006. Èyí tí mi ò lè gbàgbé nínú rẹ̀ ni ti ìlà-oòrùn Texas. Ọkọ̀ òfurufú Columbia, èyí tó ń lọ sí gbalasa òfurufú, fọ́ lójú ọ̀run ní 1 oṣù Kejì 2003, àfọ́kù rẹ̀ sì já sí àwọn káńtì ibẹ̀. Ààrẹ kéde ibẹ̀ ní agbègbè àjálù, ìkéde yẹn sì tó láti mú kí olùsìn màlúù ibẹ̀ gba owó. Màlúù wọn ń jẹko ní tiwọn. Lójú tèmi, ìtìjú irú ọdún wọ̀nyẹn ló bí fọ́ọ̀mù tó le tó báyìí. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Àmọ́ Ìyá ló wá fi ọwọ́ lásán sanwó ìsáré náà nínú òtútù.

Ìwé wa lọ síwájú ìgbìmọ̀ káńtì. Èyí jẹ́ nǹkan kan tí mo fẹ́ràn nínú ètò wọn, bó tilẹ̀ ní àléébù: àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ló ń dìbò yan àgbẹ̀ ẹgbẹ́ wọn, mẹ́ta sí 11, tí wọ́n á jókòó wo irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó wo ti Bàbá ti bá a fa òkú màlúù méjì kúrò lójú títì. Síbẹ̀ ó bèèrè fọ́tò. Bàbá ò bínú. "Èmi náà á bèèrè," ló wí.

Ohun tó dùn ún ni òmíràn. Owó ìjọba yìí kì í ṣe àṣírí. Ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Environmental Working Group ti to orúkọ àwọn tó gbà á láti 1995, káńtì sí káńtì, ẹnikẹ́ni ló sì lè wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bàbá jẹ́ irú èèyàn tó gbà pé owó ìjọba ń ba èèyàn jẹ́, ó sì ti sọ ọ́ léraléra níbi tí wọ́n ti ń mu kọfí láàárọ̀. Kí ó tó fọwọ́ sí i, ó bi mí: "Orúkọ mi á wà níbẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú iye rẹ̀. Ó gbé bírò sílẹ̀, ó lọ dúró lójú fèrèsé fún ìgbà díẹ̀. Ó padà wá fọwọ́ sí i. Aládùúgbò rẹ̀ kan ò fọwọ́ sí tirẹ̀ rárá, ó ní òun ò ṣagbe rí.

Ìbá wù mí kí n lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ wa kan fún wọn. Owó ìrànwọ́ ni ìjọba ń pè é, ọ̀rọ̀ náà sì ń dójú ti ọkùnrin bíi Bàbá. Owó gbà-má-bínú ni. Ìyẹn ò sọ ẹnikẹ́ni di alágbe. Ẹni tó gbà á kàn gbà pé òun ò ní í bínú mọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá máa sòótọ́, ẹni tó ń bẹ̀ ọ́ pé gbà má bínú kì í ní kó o mú fọ́tò òkú rẹ wá.

Àwọn kan wà tí wọn ò bèèrè fọ́tò. Kí ìjọba tó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ padà ni àwọn olùsìn màlúù ní Montana ti bẹ̀rẹ̀ ohun tí wọ́n pè ní Heifers for South Dakota. Ẹni tó ní ẹgbọ̀rọ̀ abo á yọ ọ̀kan tàbí méjì nínú tirẹ̀, wọ́n á kó wọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n á wakọ̀ la pápá kọjá, wọ́n á jùmọ̀ já wọn sílẹ̀ fún ẹni tí wọn ò mọ̀ rí. Mẹ́ta ni wọ́n kó wá fún Bàbá. Àmì irin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lára wọn, torí ilé mẹ́ta ni wọ́n ti wá. Oyún sì wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àgbẹ̀ ló ń fún àgbẹ̀, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún wọn pé méjì ni màlúù kan nínú oṣù Kẹwàá.

A kó kúrò níbẹ̀ ní 2017. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí; ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń bójú tó agbo. Mo ṣì máa ń pè é. Ní oṣù Keje 2025, mo ń ka òfin ńlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ní ọjọ́ kẹrin oṣù náà, nítorí owó orí ni mò ń wá nínú rẹ̀, ni mo bá já sí ojú ìwé tó ń sọ̀rọ̀ òkú ẹran. Wọ́n ti fi ọmọ inú kún un. Bí abo tó lóyún bá kú, owó díẹ̀ á tún wà fún ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo gbé fóònù.

"Láti ìgbà wo?" ló bi mí.

"Èyí tó bá kú láti 1 oṣù Kíní 2024."

Ó ṣe hùn-ún. Ó wá bi mí bí wọ́n ṣe máa mọ iye tó wà nínú, ṣé wọ́n á ní kí Ìyá ya fọ́tò ìyẹn náà ni. Mo ní rárá, iye ọmọ tí irú ẹran kọ̀ọ̀kan sábà máa ń bí lẹ́ẹ̀kan ni òfin ní kí wọ́n fi ṣírò.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dáhùn. Mo ń gbọ́ tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn rẹ̀, ẹni kan ń ka iye màlúù lọ́jà.

"Ìyẹn ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣírò tẹ́lẹ̀," ló wí. Ó wá bi mí bóyá òjò ti rọ̀ lọ́dọ̀ wa.